Ẹ̀yin Olórin, Ẹ Kọ Àdéhùn Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Lù

Kò sí ìlú kan ní ìpínlẹ̀ wa tí ìlù kì í dún ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìṣílé àti ìsìnkú àgbà ni ọ̀pọ̀ olórin fi ń jẹun, láìsí ilé iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn wọn. Àwọn olórin tó dá dúró bẹ́ẹ̀ ni a kọ àlàyé yìí fún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́ wọn dunjú, ṣùgbọ́n àdéhùn ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ṣe é, èyí sì ti sọ ẹni tó lókìkí rí di aláìní lọ́jọ́ alẹ́.

Lójú agbo àríyá

Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ olórin lára láti gba owó táṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó pè wọ́n, kí wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé owó tí àwọn àlejò yóò ná lé wọn lórí. Ewu wà níbẹ̀. Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti máa ná owó náírà lé ènìyàn lórí tàbí láti máa jó lórí rẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì.

Nítorí náà, iye tí iṣẹ́ tó gan-an ni kí ẹ bu lé e. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Bí ọkọ̀ àti epo jẹnẹrétọ̀ bá jẹ́ ₦60,000, tí onílù mẹ́fà sì ń gba ₦15,000 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ₦150,000 ti lọ kí olórí ẹgbẹ́ tó rí kọ́bọ̀. Bí ó bá gba ₦120,000, ó ti fi ₦30,000 tirẹ̀ bá onínàáwó ṣe ayẹyẹ.

Kí ìwé àdéhùn sọ ọjọ́ àti ibi eré, wákàtí tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí yóò parí, ẹni tí yóò pèsè ẹ̀rọ gbohùngbohùn, iye owó àsansílẹ̀, ọjọ́ tí owó yòókù yóò wọlé, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òde náà bá yẹ̀. Ojú ewé kan ṣoṣo ti tó. Kí ẹni tó bá fẹ́ fún olórin lẹ́bùn fi í sínú àpòòwé, tàbí kí ó fi ránṣẹ́ sí báńkì.

Ní ilé ìgbohùnsílẹ̀

Ohun ìní méjì ló wà nínú orin tí a gbà sílẹ̀. Èkíní ni orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin. Èkejì ni ohun tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti ọdún 2022, ẹ̀tọ́ lórí orin wà jálẹ̀ ọjọ́ ayé ẹni tó kọ ọ́ àti fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ogún ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni.

Òfin náà sọ pé gbígbé ẹ̀tọ́ yìí fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà ní àkọsílẹ̀. Kí ẹ tó kúrò ní ilé ìgbohùnsílẹ̀, kí ẹni tó kọ orin, ẹni tó ṣètò rẹ̀ àti akọrin tí a pè wá kọ ìpín kálukú sílẹ̀, kí gbogbo wọn sì buwọ́ lù ú. Ìgbà tí orin bá lókìkí tán kọ́ ni à ń pín in.

Ẹ̀tọ́ náà kò dúró de ìforúkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n bí àríyànjiyàn bá dé, ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Nigerian Copyright Commission yóò jẹ́ ẹ̀rí. Ẹgbẹ́ Musical Copyright Society Nigeria ló ń bá àwọn olórin gba owó ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ilé ìtura. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Kò di dandan kí olórin ta orin rẹ̀ kí ó tó dé Spotify tàbí Boomplay. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi TuneCore àti DistroKid ń gba owó láti gbé e débẹ̀, orin náà sì ṣì jẹ́ ti olórin. Orin kọ̀ọ̀kan yóò gba àmì tí a ń pè ní ISRC, èyí tí ó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 12. Òun ni a fi ń dá orin mọ̀ níbikíbi tí a bá ti gbọ́ ọ. Ẹ kọ orúkọ yín bákan náà níbi gbogbo.

Bí ilé iṣẹ́ kan bá gbé ìwé wá, ẹ má ṣe buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo iye ọdún tí yóò dè yín, iye orin tí wọ́n ń béèrè, àti ẹni tí yóò ni ohun tí a gbà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi han agbẹjọ́rò. Àwọn aṣíwájú ti mọ iyì ohun ìní yìí tipẹ́. Lọ́dún 1969, Haruna Ishola àti I. K. Dairo dá Star Records sílẹ̀. Lọ́dún 1974, King Sunny Adé dá Sunny Alade Records sílẹ̀.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó gbé ìlù jáde lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ gbé ìwé àti bírò.