Ẹ́ńjìnnì Ń Ké, Ọkọ̀ Kò Lọ

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ tòkunbọ̀ la fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, nítorí òun ló ń gba owó ẹ̀yáwó jù lọ́wọ́ ẹgbẹ́.

Ọjọ́ ọjà Igbókòdá kan ni ojú wa rí i. A ti kó apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ àti edé sínú ọkọ̀ ní Molútẹ̀hìn, àwọn ìyá wa ti jókòó, ẹ́ńjìnnì 40 tí ọmọ ẹgbẹ́ kan fi owó ẹ̀yáwó rà wà nídìí ọkọ̀. A ò tíì rìn jìnnà tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni tí wọ́n ń nà, ọkọ̀ sì dúró gbagidi. Bí a bá rọra ṣe é, ó ń lọ. Bí a bá fi ipá sí i, igbe lásán ni. Jẹ́jẹ́ náà la fi wọ́ ọ dé èbúté. Ọjà ti ń tú. Edé tó yẹ kó pa owó di ohun tí à ń bẹ èèyàn kó gbà.

Mẹkáníìkì tí a kọ́kọ́ pè ní jíà ti run, ká lọ ra odindi ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì mìíràn. Iye tó dá fún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí a fi ra ẹ́ńjìnnì náà. Ọpẹ́lọpẹ́ bàbá àgbà kan tó ní ká dúró ná, ká bá òun wá ọ̀dà díẹ̀.

Inú pùròpélà, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ta omi sẹ́yìn, rọ́bà kan wà níbẹ̀. Rọ́bà yìí ló so irin àárín tí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ń yí mọ́ irin ìta tí abẹ̀bẹ̀ wà lára rẹ̀. Bí abẹ̀bẹ̀ bá gbá kùkùté, rọ́bà ni yóò jìyà, kí eyín jíà má baà kán. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbó, irin àárín á máa yí, abẹ̀bẹ̀ kò ní yí tó o. Bàbá fi ọ̀dà fa ìlà láti irin àárín dé irin ìta. A sọ ẹ́ńjìnnì sómi, a fi ipá sí i, a pa á, a gbé e sókè. Ìlà ti pín sí méjì, ọ̀kan ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Pùròpélà nìkan la rà. Jíà kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan pùròpélà, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó sì yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì. Ìka ọwọ́ kì í hù.

Bó bá jẹ́ jíà lóòótọ́, ìró rẹ̀ yàtọ̀. Yóò máa gbá kà-kà-kà, yóò máa já kúrò nínú jíà, ó sì sábà máa ń jẹ́ ti iwájú nìkan, torí òun là ń lò jù. Àwa náà la ń bà á jẹ́: a máa ń rọra ti jíà wọlé bí ẹni ń ji ọmọ tó sùn. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ wá tì í wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ wo ọ̀pá tó ń fa jíà, bóyá òun ló yọ.

Ọ́ìlì ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì kì í purọ́. Ẹ tú síkùrù ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ tú ti òkè, kẹ́ ẹ gbà á sínú abọ́. Bó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ̀ ọ́. Okùn ìpẹja tó wé mọ́ ẹ̀yìn pùròpélà ló sábà máa ń gé síìlì. Bí èérún irin bá wà nínú rẹ̀, ẹ dá ẹ́ńjìnnì padà fún olówó rẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rọ tuntun, láti ìsàlẹ̀ ni, títí yóò fi yọ lókè.

Àwọn mìíràn tún wà tí ẹ́ńjìnnì wọn kò ní àrùn kankan rárá. Ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, ínṣì 15, ni wọ́n rà fún ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ fẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ínṣì 20. Abẹ̀bẹ̀ kò rì tó, afẹ́fẹ́ ló ń gbá, pàápàá tí ìgbì bá gbé ìdí ọkọ̀ sókè. Ẹ fi okùn wọn ìdí ọkọ̀ yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní jíìpù tòkunbọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn ní Igbókòdá, ọ̀rọ̀ yín kò jìnnà sí èyí. Bí ẹrẹ̀ bá mú un, tó jẹ́ táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń yí, ẹ wo ọ̀pá tàbí wáyà tó ń mú ẹsẹ̀ iwájú wọlé, kẹ́ ẹ wo ọ́ìlì jíà, kẹ́ ẹ tó gbà pé kẹ́ ẹ ra jíà mìíràn.

Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé a ò ní sanwó ẹ̀yáwó fún ẹ̀rọ tòkunbọ̀ mọ́ láìjẹ́ pé a tú ọ́ìlì rẹ̀ lójú ọmọ ẹgbẹ́ méjì. Ẹni tó bá ní òun ń kánjú, kó ní sùúrù fún wa. Síkùrùdíráífà àti abọ́ wà lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹ kàn wá gbà á, kẹ́ ẹ sì dá a padà.