Ṣé Ó Yẹ Kí N Pa Ṣéfìn-Sítíìkì Tì, Kí N Máa Lo Abẹ?

Ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n la fẹ́ sọ lónìí. Ẹni tó ti ń fi ṣéfìn-sítíìkì fá irùngbọ̀n láti ìgbà tó ti bàlágà, ṣé àǹfààní kankan wà níbẹ̀ tó bá pa á tì, tó wá ń lo abẹ? Abẹ gidi ni mò ń wí o, olójú kan, èyí tó ń ká sínú èèkù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìdáhùn bẹ̀rẹ̀. Àǹfààní wà, pàápàá fún ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ máa ń sú bó bá ti fá a tán. Ṣùgbọ́n abẹ ní ẹ̀kọ́, ó ní ìtọ́jú, àwọn kan sì wà tí kò yẹ kí wọ́n sún mọ́ ọn rárá. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Abẹ kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ọ́, onígbàjámọ̀ ló ń fi í fárí. Inú iṣẹ́ yẹn la ti rí òwe tó ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Èyí tó ń ká sínú èèkù tí à ń sọ lónìí, ìlú méjì ló sọ ọ́ di olókìkí: Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Solingen ní Jámánì. Títí di òní, òfin Jámánì kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti kọ orúkọ Solingen sára ọ̀bẹ tàbí abẹ tí wọn kò ṣe ní agbègbè ìlú náà.

Kí ló wá lé abẹ kúrò nílé? Ní 1903, ará Amẹ́ríkà kan, King C. Gillette, bẹ̀rẹ̀ sí í ta igi ìfárùngbọ̀n tí wọ́n ń ki résà tinrín sí, résà tí a ó yọ sọnù bó bá ti kú. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, igi 51 àti résà 168 péré ló tà. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ló gbé ọjà náà sókè, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ra igi àti résà ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù fún àwọn ọmọ ogun wọn. Ní 1975, Bic gbé sítíìkì tí a ó jù nù tigitigi dé. Láàárín àkókò kan náà, ojú résà ń pọ̀ sí i. Gillette gbé olójú méjì jáde ní 1971, olójú mẹ́ta ní 1998, olójú márùn-ún ní 2006. Ẹ rí i pé inú ohun tí a ń rà léraléra ni èrè wọn wà.

Ìdí tí àgbọ̀n fi ń sú

Irùngbọ̀n ọ̀pọ̀ àwa èèyàn dúdú máa ń ká, kì í nà tọ́ọ́rọ́. Nígbà tí sítíìkì olójú púpọ̀ bá kọjá lára irun, ojú àkọ́kọ́ á fà á jáde díẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á gé e. Èyí tó kù á wá fà padà sábẹ́ awọ. Nígbà tó bá tún ń hù, ẹnu rẹ̀ ti mú bí abẹ́rẹ́, ó sì ti ká, torí náà á gún awọ láti abẹ́. Òmíràn á yọ síta, á ká padà, á tún wọnú awọ lọ. Ara á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà bí ìgbà tí ẹ̀gún bá gún ni. Ìjà yẹn ló ń di kókó wẹ́wẹ́ tó ń yún ni, tó ń ṣọyún nígbà mìíràn, tó sì ń fi àpá dúdú sílẹ̀.

Abẹ olójú kan kì í fa irun jáde kó tó gé e. Ibi tí awọ mọ ló ti ń gé e. Ìdí nìyẹn tí ara fi máa ń tu àwọn kan lẹ́yìn tí wọ́n bá yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́ mi sódì, abẹ kì í ṣe oògùn. Tí ẹ bá fa awọ le jù, tí ẹ sì fá a lòdì sí ibi tí irun kọrí sí, òun náà á gé irun wọ abẹ́ awọ, ẹ ó sì padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá le gan-an, kílípà tó ń fi irun bíi mìlímítà kan sílẹ̀ sàn fún un ju abẹ àti sítíìkì lọ. Kó sì lọ rí dókítà awọ ara.

Ohun tí ẹ ó rà

Àkọ́kọ́ ni abẹ fúnra rẹ̀. Ìdá mẹ́jọ íǹṣì ni wọ́n fi ń wọn fífẹ̀ rẹ̀. 5/8 tàbí 6/8 ló dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú èyí tí orí rẹ̀ rí roboto, torí ṣóńṣó ló ń gún etí àti imú. Ẹ sì bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti pọ́n ọn débi tó lè fá irùngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ abẹ tuntun ló ń dán tí kò mú.

Ìkejì ni awọ gbọọrọ tí a fi ń nu ojú abẹ kó tó fá irun. Ìkẹta ni ọṣẹ ìfárùngbọ̀n àti búrọ́ọ̀ṣì.

Irú kan tún wà tí àwọn onígbàjámọ̀ òde òní ń lò, tí wọ́n ń pè ní shavette. Ó jọ abẹ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ṣẹ́ résà sí méjì, wọ́n á ki ìdajì kan sí i. Kò nílò pípọ́n, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó fúyẹ́, résà inú rẹ̀ tinrín, kì í sì í fojú fo àṣìṣe ọwọ́.

Bí a ṣe ń lò ó

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin irùngbọ̀n fún bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta kó lè rọ̀. Ẹ ho ọṣẹ dáadáa, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa á.

Ẹ tẹ́ abẹ pẹlẹbẹ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ wá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀, bíi dígíríì 30. Ẹ fi ọwọ́ kejì na awọ díẹ̀, kó má ṣe hunjọ; ẹ má fà á le. Ẹ máa fá a ní kúkúrú-kúkúrú, síbi tí irun kọrí sí, láìtẹ abẹ mọ́ ara. Ohun tó ń gé ni lára jù lọ ni kí abẹ yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ bí ìgbà tí a bá ń gé ẹran. Ẹ yẹra fún un pátápátá.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni kí ẹ fi abẹ fá. Ẹ fi àgbọ̀n, ọrùn àti òkè ètè sílẹ̀ fún sítíìkì títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe é nígbà tí ẹ bá ń kánjú lọ síbi iṣẹ́.

Ìtọ́jú rẹ̀

Kí ẹ tó fá irun nígbàkigbà, ẹ na awọ yẹn gbọingbọin, kí ẹ fa abẹ lórí rẹ̀ ní bí ìgbà 30 sí 60. Ẹ̀yìn abẹ ni kó máa ṣáájú, kí ojú máa tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá dé òpin, orí ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ ti yí i padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó gé awọ, abẹ á sì kújú. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, á ní láti kan òkúta ìpọ́nbẹ. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n pọ́n, ẹ má fi ti yín kọ́ṣẹ́.

Irin abẹ máa ń dípẹtà kíákíá. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró díẹ̀ ra á, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú balùwẹ̀, pàápàá lásìkò òjò. Ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó ni kó máa gbé. Tí ẹ bá ń wọ ọkọ̀ òfurufú, inú àpótí tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni kí ẹ fi í sí.

Abẹ kì í ṣe ohun àjọlò

Níbi tí mo ti fẹ́ kí ẹ tẹ́tí jù lọ nìyí. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀, hepatitis B, lè wà láàyè fún ọjọ́ méje ó kéré tán níta ara èèyàn, lórí ẹ̀jẹ̀ tí a kò tilẹ̀ fojú rí. Fífi omi ṣan abẹ kò tó láti pa á. Nítorí náà, bàbá àti ọmọ kì í jọ lo abẹ, tọkọtaya náà kì í jọ lò ó. Bí ẹ bá sì lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ẹ jẹ́ kó tú résà tuntun lójú yín. Bó bá fajú ro, ẹ dìde.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, kí ó má dá abẹ lò láìbá dókítà sọ̀rọ̀.

Owó ńkọ́?

Ẹ ka iye sítíìkì tí ẹ ń lò lóṣù, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 12, ẹ fi owó ẹyọ kan sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ wá fi ohun tó bá jáde wé owó abẹ, awọ, ọṣẹ àti pípọ́n. Ẹni tó ń fá irùngbọ̀n lójoojúmọ́ lè rí i pé abẹ á pa owó rẹ̀ padà láàárín ọdún mélòó kan, torí abẹ tí a bá tọ́jú lè pẹ́ ju ẹni tó rà á lọ. Ẹni tó ń fá a lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò ní rí èrè owó kankan nínú rẹ̀. Tí àgbọ̀n rẹ̀ kò bá sì sú, kó máa lo sítíìkì rẹ̀ ní àlàáfíà.

Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹni tí àgbọ̀n ń dà láàmú. Ó di ìgbà mìíràn o.