Akàwé-ojú-ẹ̀rọ àti Àkọtọ́ Yorùbá: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùkọ́ àti Aṣètò Ìdánwò Mọ̀

1.0 Ìfáàrà

Láti ìgbà tí àwọn C.M.S. ti ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ Yorùbá ní Èkó ní ọdún 1875, títí dé orí ìgbìmọ̀ ọdún 1966 àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974, ohun kan ni àríyànjiyàn wa dá lé: kí ni ojú yóò rí lórí ìwé? Ṣé "aiye" ni a ó kọ ni, tàbí "ayé"? Ṣé àmì yóò wà lábẹ́ e, o àti s? A ti rí ìdáhùn sí púpọ̀ nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé kan wà láàrin wa tí kì í fi ojú kàwé. Etí ni wọ́n fi ń kà á, tàbí ìka ọwọ́. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ti àwọn wọ̀nyí, etí lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí ẹni tí ó ríran rí lójú kọ̀ǹpútà lè gún régé, kí ohun tí ó dé etí tiwọn sì jẹ́ ọ̀tọ̀ gedegbe.

Ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń ka ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ sókè fún aláìríran ni a ó máa pè ní akàwé-ojú-ẹ̀rọ nínú àpilẹ̀kọ yìí. A ó kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí ó ṣe ń bá àyípadà ẹ̀rọ rìn. Lẹ́yìn náà ni a ó fi hàn pé ọ̀nà tí a ń gbà tẹ Yorùbá lè ràn án lọ́wọ́ tàbí kí ó dí i lọ́nà. Ní ìparí, a ó dá àbá fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin aṣètò ìdánwò.

2.0 Bí akàwé-ojú-ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́

Ó yẹ kí a mú èrò kan kúrò lọ́kàn. Akàwé-ojú-ẹ̀rọ kò ní ojú. Kì í wo ojú ẹ̀rọ bí ọmọ ilé-ìwé ti ń wo pátákó ìkọ̀wé. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà yìí ni akàwé ń bèèrè, òun náà ni yóò sì gbé fún ohùn àtọwọ́dá láti pè, tàbí fún pátákó Braille kékeré tí àwọn àmì rẹ̀ ń yọ sókè lábẹ́ ìka. Ibi tí ó ti ń rí nọ́ńbà náà gbà ni ó ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá yí padà.

3.0 Bí ìlù bá yí padà, ijó á yí padà

Ní ọdún 1986, Jim Thatcher ti ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ṣe ọ̀kan nínú àwọn akàwé-ojú-ẹ̀rọ àkọ́kọ́ fún kọ̀ǹpútà DOS. Ní ọdún 1989, JAWS jáde láti ọwọ́ Ted Henter, ẹni tí ó pàdánù ojú rẹ̀ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọdún 1978. Iṣẹ́ akàwé kò le púpọ̀ nígbà náà. Ìlà 25 ni ó sábà máa ń wà lójú ẹ̀rọ DOS, àyè lẹ́tà 80 sì ni ó wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn wà ní títò sínú ẹ̀rọ bí ẹ̀kọ nínú apẹ̀rẹ̀. Akàwé kàn ń mú un ní ìkọ̀ọ̀kan ni.

Nígbà tí Windows dé, nǹkan yí padà. Yíyà ni Windows ń ya lẹ́tà bí ẹni ya àwòrán, kì í tò ó síbi kan. Àwọn tí ń ṣe akàwé ní láti ba dè é lọ́nà: wọ́n ń gba àṣẹ "ya lẹ́tà yìí síhìn-ín" kí ó tó dé ojú ẹ̀rọ, wọ́n sì ń fi kọ ẹ̀dà tiwọn sí ìkọ̀kọ̀. Bí Windows bá pa ọ̀nà dà, ẹ̀dà náà lè dàrú. Ní ọdún 1997 ni Microsoft gbé ìlànà kan jáde tí ó jẹ́ kí ètò kọ̀ọ̀kan lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó jẹ́ fún akàwé: èmi yìí bọ́tìnnì ni mí, orúkọ mi nìyí, iṣẹ́ mi nìyí.

Ní ọdún 2006, Michael Curran, ọmọ ilẹ̀ Australia tí òun náà kò ríran, bẹ̀rẹ̀ NVDA, tí a ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2009, VoiceOver wọ inú fóònù iPhone, tí ojú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀pọ̀ rò pé irú fóònù bẹ́ẹ̀ kò lè wúlò fún afọ́jú. Ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà kò ju pé kí ìka máa rìn lójú gíláàsì, kí ẹ̀rọ máa dárúkọ ohun tí ìka bá kàn, kí a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì bí a bá fẹ́ ẹ.

Kókó tí a fẹ́ fà yọ nínú ìtàn yìí ni pé àyípadà tí ó bá sọ orúkọ ara rẹ̀ fún akàwé a máa gbé aláìríran lọ, èyí tí kò bá sọ ọ́ a máa fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àkọtọ́ wa rí.

4.0 Àkọtọ́ Yorùbá nínú ẹ̀rọ

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọ̀rọ̀ yìí:

(1) (a) ọkọ (ẹni tí ó gbé ìyàwó)
    (b) ọkọ́ (irinṣẹ́ àgbẹ̀)
    (d) ọkọ̀ (ohun ìrìnnà)
    (e) ọ̀kọ̀ (ohun ìjà)

Bí àmì bá sọnù, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a di oko, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Olùkọ́ kankan kò nílò àlàyé lórí èyí. Ohun tí ó farasin ni pé àmì lè wà lójú ẹ̀rọ kí ó má sì sí nínú ẹ̀rọ. Kí lílo Unicode tó gbilẹ̀, àwọn kan ṣe fọ́ńtì tí wọ́n fi ya ẹ tàbí ọ sí orí nọ́ńbà àmì mìíràn. Ojú rí ẹ; nọ́ńbà àmì àjèjì ni akàwé bá níbẹ̀, òun náà ni ó sì ń pè. Ìwé tí a tẹ̀ báyìí ṣì wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ olùkọ́.

Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. É àti è náà ní. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àkànpọ̀ ni wọ́n, ọ̀nà àkànpọ̀ náà sì ju ẹyọ kan lọ:

(2) (a) ẹ + àmì òkè
    (b) é + àmì roboto abẹ́
    (d) e + àmì roboto abẹ́ + àmì òkè
    (e) e + ìlà kúkúrú olóròó abẹ́ + àmì òkè

Lójú, ẹ́ ni gbogbo wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà rọ́pò àmì roboto nínú (2e). Nínú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Akàwé tí ó mọ (2a) lè fo àmì (2b) tàbí kí ó dákẹ́ lórí rẹ̀. Ní ọdún 2024, NVDA fi ètò kan kún iṣẹ́ rẹ̀ tí ó lè sọ irú àwọn ọ̀nà tí ó bára dọ́gba wọ̀nyí di ọ̀kan kí ó tó pè wọ́n tàbí kí ó tó fi wọ́n hàn ní Braille. Èyí kan (2a), (2b) àti (2d). Kò kan (2e), nítorí pé Unicode kò ka ìlà abẹ́ àti àmì roboto sí ohun kan náà. Ẹ̀rọ ti sa ipá tirẹ̀; ó ku tiwa.

5.0 Ọ̀rọ̀ ohùn

Bí lẹ́tà tilẹ̀ pé, ohùn gbọ́dọ̀ wà tí yóò pè é. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ aláìríran ṣì fi ń gbọ́ Yorùbá. Ohùn bẹ́ẹ̀ kò mọ gb, kò mọ àránmúpè, kò sì mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ a máa dá ọ̀rọ̀ dúró, a sì máa gbọ́ ọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2023 ilé-iṣẹ́ Meta gbé ohùn àtọwọ́dá jáde fún èdè tí ó lé ní 1,100, Yorùbá sì wà lára wọn. Ìlọsíwájú ni. Síbẹ̀, ohùn nìkan kì í ṣe akàwé-ojú-ẹ̀rọ. A gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ọn, ó sì gbọ́dọ̀ dáhùn ní kíá bí ìka bá ti kan bọ́tìnnì, nítorí pé eré ni àwọn tí ó mọ akàwé lò dáadáa fi ń gbọ́ ọ.

6.0 Àbá fún olùkọ́ àti aṣètò ìdánwò

Ìdánwò ń kúrò lórí bébà bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, JAMB sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní ọdún 2017 láti máa bójú tó ìdánwò àwọn aláìríran. A dá àbá wọ̀nyí:

(i) Kí a fi bọ́tìnnì ìtẹ̀wé Yorùbá tí ó bá Unicode mu tẹ ìbéèrè, kí gbogbo ilé-iṣẹ́ ìdánwò sì fohùn ṣọ̀kan lórí (2a).

(ii) Kí a má fi fọ́tò ìwé ránṣẹ́ bí ìbéèrè. Akàwé kò rí nọ́ńbà lẹ́tà kankan nínú fọ́tò. Bí a bá sì fi ẹ̀rọ yọ lẹ́tà láti inú rẹ̀, àmì ohùn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sọnù.

(iii) Nínú àyọkà, a máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé "ọ̀rọ̀ tí a fàlà sí nídìí". Akàwé lè má dárúkọ ìlà ìdí rárá bí a kò bá ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí a fi nọ́ńbà sínú àkámọ́ ṣáájú ọ̀rọ̀ náà.

(iv) Kí àtẹ fáwẹ́lì àti àwòrán igi gbólóhùn ní àlàyé tí a fi ọ̀rọ̀ kọ.

Àwọn kan lè bẹ̀rù pé akàwé yóò tú àṣírí ìdáhùn ìbéèrè àmì ohùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kò fi àmì sí kò ní nọ́ńbà àmì nínú, akàwé kò sì lè ka ohun tí kò sí níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé iṣẹ́ akàwé-ojú-ẹ̀rọ kì í parí, nítorí pé ẹ̀rọ kò yé yí padà. A tún ti fi hàn pé nínú ti Yorùbá, ìdajì iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tẹ̀wé. Akẹ́kọ̀ọ́ aláìríran tí ó mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀, tí ìbéèrè wa sì ka méjèèjì sí i létí bákan náà, kò kùnà Yorùbá. Ìbéèrè ni ó kùnà. Àwọn tí ó ṣáájú wa ti ṣe àkọtọ́ fún ojú. Ó kàn wá láti ṣe é fún etí.