Ọmú Ọdún Kejì Kì Í Ṣe Omi Lásán
Ìwé ìlàlóye fún àwọn òbí ní Abẹ́òkúta àti gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ta ni a kọ ọ́ fún?

Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún kan, tó ti ń di ògiri mú rìn, àmọ́ tó ṣì ń wá ọmú tílẹ̀ bá ṣú. Bàbá ọmọ náà wà níbẹ̀, ìyá àgbà tó ń sọ pé "Já a lẹ́nu ọmú, ó ti dàgbà" náà sì wà níbẹ̀.

Méjì nínú ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) àti UNICEF ló kan ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́: ọmú nìkan fún oṣù 6, láìsí omi, láìsí àgbo. Ìkejì: ọmú pẹ̀lú oúnjẹ títí ọmọ yóò fi pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti àkọ́kọ́ ti yé ọ̀pọ̀ ìyá. Ìkejì ni a máa ń gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan àjèjì: kí wàrà inú agolo tó dé ilẹ̀ wa, àwọn ìyá-ńlá wa a máa fún ọmọ lọ́mú tó ọdún méjì, ọdún mẹ́ta.

Kí ló mú kí ọdún kejì ṣe pàtàkì?

Ẹ wo ọmọ oṣù 14 kan nídìí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìtòkú. Ìyá ń tú àdìrẹ han oníbàárà. Ọmọ rá kúrò lórí ẹní, ó rí èèpo ọsàn nílẹ̀, ó di ẹnu. Kí ìyá tó na ọwọ́, ohun tó wà nílẹ̀ ọjà ti dé ikùn ọmọ.

Ẹnu ni ọmọ ọjọ́ orí yìí fi ń mọ ayé. Ìgbà náà sì ni ìgbẹ́ gbuuru àti ikọ́ máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ààbò tó gbà lára ìyá rẹ̀ nígbà oyún ti tán, agbára tí ara tirẹ̀ fi ń gbógun ti àrùn kò sì tíì gbó. Ọmú ló ń dí àlàfo yẹn.

Báwo ni ọmú ṣe ń bá àrùn jà?

Ohun tó bá ojú ló ń bá imú. Eruku ọjà tí ọmọ ń fà símú ni ìyá náà ń fà símú. Kòkòrò àrùn tó wọ ara ọmọ lè ti wọ ara ìyá. Ṣùgbọ́n ara ìyá ti gbọ́n. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bá kòkòrò pàdé nínú ìfun tàbí ẹ̀dọ̀fóró ìyá a máa bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé inú ọmú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pèsè èròjà kan tó ń jẹ́ IgA sínú omi ọmú. Bí ọmọ bá mu ún, IgA a bo inú ọ̀fun àti ìfun rẹ̀ bí ẹni fi amọ̀ rẹ́ ògiri, kòkòrò kò ní ráyè dì mọ́ ọn. Àrùn àdúgbò yín gan-an ni ara ìyá ń pèsè ààbò sí. Kò sí wàrà agolo tó lè ṣe èyí.

Èròjà mìíràn tó ń jẹ́ lactoferrin wà nínú omi ọmú pẹ̀lú: ó ń gba èròjà irin tí kòkòrò fi ń gbèrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Lysozyme ń fọ́ èèpo ara kòkòrò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ omi ọmú ọdún kejì wò, wọ́n rí i pé àwọn èròjà ààbò wọ̀nyí ṣì wà níbẹ̀, lysozyme tilẹ̀ ń pọ̀ sí i ni. Yàtọ̀ sí ààbò, láàrin oṣù 12 sí 24, ọmú ṣì lè pèsè nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta okun tí ọmọ nílò.

Ọmú nìkan kò tó mọ́

- Ẹ fún ọmọ lóúnjẹ ní ìgbà 3 sí 4 lójúmọ́, pẹ̀lú ìpápánu bí ìbẹ́pẹ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀.
- Làfún àti ẹ̀kọ ń yó ọmọ, àmọ́ wọn kò ní èròjà amáradàgbà tó. Ẹ fi gbẹ̀gìrì, ẹyin, mọ́ínmọ́ín tàbí ẹja tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ kún un.
- Èròjà irin inú ọmú kéré. Ẹ̀dọ̀, ẹran, ẹja àti ẹ̀wà ni yóò pèsè rẹ̀.
- Ọmú kò rọ́pò abẹ́rẹ́ àjẹsára. Oṣù 9 àti oṣù 15 ni ti èéyi.

Ohun tí wọ́n ń sọ

*"Ọmọ tó bá pẹ́ lẹ́nu ọmú á ya òmùgọ̀."* Irọ́ ni. Ìwádìí fi hàn pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe dáadáa díẹ̀ sí i nínú ìdánwò làákàyè.

*"Mo ti lóyún, ọmú mi ti bàjẹ́."* Oyún kì í sọ ọmú di májèlé. Ó lè dín kù, adùn rẹ̀ sì lè yí padà. Bí ẹ bá ń rí ẹ̀jẹ̀ tàbí inú ń run yín, ẹ tètè lọ rí nọ́ọ̀sì.

*"Ọmọ ń ṣu gbuuru, ẹ jẹ́ kí ó sinmi ọmú."* Rárá o. Ẹ fún un léraléra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pẹ̀lú ORS (èròjà tí a ń pò mọ́ omi láti dá omi ara ọmọ padà) àti zinc láti ilé ìwòsàn.

*"Mo ń lọ sọ́jà láti àárọ̀."* Ẹ fún un kí ẹ tó jáde, nígbà tí ẹ bá dé, àti lálẹ́. Ó wúlò bẹ́ẹ̀.

Ìyá tó ní HIV tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé náà lè fún ọmọ lọ́mú. Kí ó má dá ìpinnu ṣe. Kí ó bá àwọn tó ń fún un lóògùn sọ̀rọ̀.

Bí àkókò àtijá ọmọ lẹ́nu ọmú bá tó

Ẹ má fi ewúro pa orí ọmú lójijì. Ẹ kọ́kọ́ yọ ti ọ̀sán, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ẹ yọ òmíràn. Kí ti alẹ́ gbẹ̀yìn. Ẹ má já ọmọ tó ń ṣàìsàn lẹ́nu ọmú.

Ẹ tètè gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn bí:

- kò bá lè mu ọmú tàbí omi, tàbí tó ń bì gbogbo ohun tó bá mu;
- ojú rẹ̀ bá jìn wọlé, tàbí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀;
- gìrì bá mú un, tàbí ó ń mí gúlegúle;
- ó bá ń sùn ṣáá, tí kò ṣeé jí.

Ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, yálà ìgboro lẹ wà tàbí abúlé ní Ọ̀dẹ̀dá àti Ọbáfẹ́mi-Owódé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n lè ti darí yín sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjàyè, sí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, tàbí sí Sacred Heart ní Lántòrò. Ẹ má gbàgbé káàdì àjẹsára ọmọ.

Bí ọmọ yín bá sì na ọwọ́ sí ọmú lálẹ́ òní, ẹ fún un. Ó ti jẹ ilẹ̀ ọjà lọ́sàn-án.