Àwòṣe ìtànkálẹ̀ CO2 lábẹ́ ilẹ̀

Àwòṣe ìtànkálẹ̀ CO2 lábẹ́ ilẹ̀ ni ìṣirò tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ ibi tí gáàsì kábọ́nù dáyọ́ksáídì (CO2) tí a tì sínú àpáta oníhò wẹ́wẹ́ yóò gbà, bí yóò ti jìnnà tó, àti bóyá yóò dúró síbẹ̀. Wọ́n ń fi gáàsì náà pamọ́ kí ó má baà lọ sínú afẹ́fẹ́, níbi tí ó ti ń mú kí ayé máa gbóná sí i.

Ìpìlẹ̀ ìṣirò

Òfin tí Henry Darcy, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé jáde ní ọdún 1856 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ó wo bí omi ṣe ń gba inú yanrìn kọjá, ó sì rí i pé bí ìfúnpá tó ń tì í bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe yára tó. Kọ̀ǹpútà a máa pín àpáta sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpótí kéékèèké, a sì ṣírò ohun tó wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ohun tó jáde níbẹ̀. Omi iyọ̀ ló kún inú ihò àpáta náà tẹ́lẹ̀. CO2 fúyẹ́ jù ú lọ. Nítorí náà, yóò máa gòkè títí yóò fi kan àpáta amọ̀ tí kò jẹ́ kí ó kọjá, yóò sì tẹ́ rẹrẹ sábẹ́ rẹ̀. Díẹ̀ yóò há sínú ihò, díẹ̀ yóò sì yòrò sínú omi.

Àpẹẹrẹ Sleipner

Ní ọdún 1996 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti CO2 sínú yanrìn Utsira ní Sleipner, ní apá Òkun Àríwá tó jẹ́ ti Nọ́rwèy. Ihò tí wọ́n gbẹ́ fún un jìn tó nǹkan bí 1,000 mítà sábẹ́ ojú òkun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nǹkan bí mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù ni wọ́n ń tì wọlé lọ́dọọdún.

Ìgbì ìró ni wọ́n fi ń yẹ inú ilẹ̀ náà wò. Àyẹ̀wò ọdún 1999 fi hàn pé gáàsì ti dé abẹ́ àpáta amọ̀ tó bo Utsira. Ó ti gba àárín àwọn amọ̀ tínrín kọjá, ó sì pín sí ìpele mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà, ìpele tó wà lókè pátápátá yára lọ sí ìhà àríwá ju bí àwọn àwòṣe ìṣáájú ti sọ lọ. Ìdí ni pé gáàsì ń tẹ̀lé gegele àti kòtò abẹ́ àpáta amọ̀ náà. Ìyàtọ̀ mítà díẹ̀ níbẹ̀ lè yí ọ̀nà rẹ̀ padà.

Nítorí èyí, wọn kì í gbára lé àwòṣe nìkan. Lẹ́yìn àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, wọ́n a fi ohun tí wọ́n rí wé ìṣirò, wọ́n a sì ṣàtúnṣe rẹ̀, kí wọ́n lè tètè mọ̀ bí gáàsì bá ń forí lé ibi tó ti lè jò.