Ajá tí ara rẹ̀ kò balẹ̀: ẹ̀kọ́ tó yẹ kó kọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ eré àgílítì

Ajá kan máa ń wà ládùúgbò tí kì í jẹ́ kí àlejò ráyè wọlé. Bí ilẹ̀kùn bá dún, á ti fò mọ́ èèyàn láyà. Bí ewúrẹ́ bá kọjá, á já okùn tọ̀ ọ́. Àwọn ará ilé á ní aláìgbọràn ni, wọ́n á sì nawọ́ gán pàṣán. Àmọ́ irú ajá bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń ṣe eré àgílítì ń wá. Agbára ò wọ́n ọn, làákàyè ò wọ́n ọn. Sùúrù ló kù, sùúrù sì ṣeé kọ́ ajá.

Kí ni àgílítì?

Eré ìdárayá ni, tí ajá ti ń sá gba oríṣiríṣi ìdènà kọjá. Á fo igi, á sá gba inú ihò gbọọrọ, á gun pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á sì máa ṣe kọ́lọkọ̀lọ láàárín àwọn òpó tí wọ́n tò. Ẹni tó ni ín á máa sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa fi ohùn àti ọwọ́ júwe ọ̀nà fún un, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá yára jù tí kò sì ṣàṣìṣe ló borí.

Ọdún 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, níbi ìpàtẹ ajá tí wọ́n ń pè ní Crufts nílùú London. John Varley, tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìpàtẹ náà, ń wá ohun tí òǹwòran á fi najú láàárín ìdíje kan sí òmíràn. Ó ké sí Peter Meanwell, tó mọ̀ nípa kíkọ́ ajá, wọ́n sì wo bí ẹṣin ṣe ń fo ìdènà kí wọ́n tó ṣètò ti ajá.

Ìdùnnú tó pọ̀ jù, kì í ṣe oríkunkun

Lọ́dún 2015, Emily Bray, Evan MacLean àti Brian Hare ti Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi ike tó mọ́ gaara dínà níwájú ajá, oúnjẹ sì wà lódìkejì. Ajá ń wo oúnjẹ náà kòrókòró, ṣùgbọ́n bó bá lọ bá a tààrà, imú rẹ̀ á gbá ike. Àfi kó kọ́kọ́ kúrò níwájú oúnjẹ, kó yí gba ẹ̀gbẹ́. Nígbà kan, wọ́n á pe ajá pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́; nígbà mìíràn, wọ́n á máa ju oúnjẹ fìrìfìrì, wọ́n á sì fi ariwo ìdùnnú pè é.

Àwọn ajá tí wọ́n ń kọ́ láti ran àwọn tó ní ìpèníjà ara lọ́wọ́, tí ara wọn balẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣe dáadáa sí i nígbà tí ariwo wọ̀ ọ́. Ti àwọn ajá ilé, tí ara wọn ti gbóná tẹ́lẹ̀, ńṣe ló burú sí i.

Ohun tí èyí fi yé wa ni pé bí ìdùnnú ajá bá kọjá ìwọ̀n, kò ní lè ro ohun tó yẹ kó ṣe, bó tilẹ̀ gbọ́ ohun tí a wí. Ẹni tó bá wá ń pariwo lé e lórí, epo ló ń dà síná.

Fèrè ọdẹ

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ọdẹ kì í fẹ́ ajá tó ń sùn. Èyí tí ara rẹ̀ yá gágá ló ń wá, tó lè lé ẹran wọ inú igbó dídí, ṣùgbọ́n tó máa yí padà bí wọ́n bá pè é.

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. A máa ń fi òwe yìí bá ọmọ wí, àmọ́ ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ni ajá pẹ̀lú. Ìró fèrè kò já mọ́ nǹkan kan létí ọmọ ajá. Ìgbà tí fèrè bá ń dún, tí ẹran tàbí ìyìn ń tẹ̀ lé e lemọ́lemọ́, ni ìró náà tó di ohun tí ajá ń fi gbogbo ara sá tọ̀. Ivan Pavlov, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà, fi ìdí irú èyí múlẹ̀ nínú ìwádìí rẹ̀: ìró tó bá ń ṣáájú oúnjẹ máa ń mú kí itọ́ yọ lẹ́nu ajá kí oúnjẹ tó dé.

Nítorí náà, ẹ má ṣe pe ajá wá kẹ́ ẹ tó nà án. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba ìpè jẹ́.

Ẹ̀kọ́ ìdí abọ́

Ìgbà oúnjẹ ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé abọ́ dání, kẹ́ ẹ sọ pé "jókòó" lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ìdí rẹ̀ bá kan ilẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ abọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá dìde, ẹ gbé abọ́ padà sókè, ẹ má bínú, ẹ má sọ̀rọ̀. Bó bá tún jókòó, kí abọ́ tún máa bọ̀. Kò ní pẹ́ yé e pé ìfò ló ń gbé oúnjẹ lọ, ìjókòó ló ń gbé e bọ̀. Nígbà tí abọ́ bá kan ilẹ̀ tó ṣì jókòó, ẹ ní kó máa jẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi "dúró" àti "wá" kún un, pẹ̀lú okùn gígùn lọ́rùn rẹ̀. Ẹja gbígbẹ tó kéré bí èékánná tó fún ẹ̀san, ṣùgbọ́n kó dé ẹnu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tó bá ti ṣe é. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí gbogbo ilé máa lò: bí bàbá bá ń sọ "jókòó" tí àwọn ọmọ ń sọ "sídáùn", ajá kò ní mọ èyí tí yóò tẹ̀ lé.

Pàṣán ńkọ́? Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ajá 92 ní Pọtogí, tó jáde lọ́dún 2020, fi hàn pé àwọn tí wọ́n ń fi ìjìyà kọ́ máa ń fi àmì ìnira hàn ju àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀san kọ́ lọ.

Kó tó fo igi

Ọ̀pá tí àgbẹ̀ ń rì sẹ́bàá ebè kí iṣu lè fà mọ́ ọn tó ṣe òpó kọ́lọkọ̀lọ; 60 sẹ̀ńtímítà ni wọ́n máa ń fi sáàárín òpó méjì. Ọparun tó rọra jókòó lórí búlọ́ọ̀kù méjì tó fún fífò, kó lè já bọ́ bí ẹsẹ̀ ajá bá kàn án. Kó má ga ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí egungun ọmọ ajá kò tíì gbó. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ajá tí kò tíì pé oṣù 18 kò gbọdọ̀ díje.

Ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lò. Ajá kì í làágùn bíi tèèyàn. Ẹnu tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara, oòrùn ọ̀sán sì lè pa á. Kí dókítà ẹranko gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi láti ìgbà tó bá ti pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta, kó sì máa tún un gún lọ́dọọdún. Nǹkan bí 59,000 èèyàn ni àrùn náà ń pa lágbàáyé lọ́dún, ajá ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù ràn wọ́n.

Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀ àti márùn-ún nírọ̀lẹ́ tó. Ẹ má kánjú dé ìdí igi. Ajá tó bá lè jókòó ti abọ́ rẹ̀ níta gbangba, tí èrò ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, tó ń dúró dè yín títí tẹ́ ẹ fi ní kó jẹ, ti tó fo igi àkọ́kọ́.