Àdàpamọ́: Ọ̀rọ̀-Ìperí àti Ohun-Èlò fún Ìtọ́jú Fáìlì Inú Ilé

Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní púpọ̀ nínú àwọn ìlú Ìgbómìnà tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àpótí tí àwọn àgbà fi ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, ìwé-ẹ̀rí àti àwòrán ìgbéyàwó kò tíì kúrò lábẹ́ ibùsùn. Ohun tí ó wà nínú àpótí náà ni ó ń dín kù. Ìwé-ẹ̀rí ti di àwòrán inú fóònù. Iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ni tí ó wà nínú ìlú náà ti di fáìlì. Oríkì ilé tí ìyá àgbà ń kì ti di ohùn tí ọmọ-ọmọ gbà sílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí kò sì sí ní ibòmíràn rárá. Bí fóònù náà bá bọ́ sínú omi, tàbí tí olè bá gbé kọ̀ǹpútà lọ, a lè padà sí ilé-ìwé lọ béèrè ìwé-ẹ̀rí mìíràn. Ohùn ìyá àgbà tí ó ti kú kò ní ọ́fíìsì tí a ti lè lọ béèrè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ èdè àti ògbufọ̀ nítorí pé àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, àṣìṣe èdè ni kí ó tó di àṣìṣe ẹ̀rọ. “Bákọ́ọ̀pù” ni gbogbo ènìyàn ń wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé òun ti ṣe bákọ́ọ̀pù àwọn àwòrán òun, lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ó ṣe ni pé ó kó wọn kúrò nínú fóònù lọ sínú fíláàṣì, kí àyè lè wà nínú fóònù fún òmíràn. Ìkólọ lásán ni èyí. Ẹyọ kan ni ó ní tẹ́lẹ̀, ẹyọ kan náà ni ó ní títí di ìsinsìnyí. Ibi tí ẹyọ náà wà ni ó yí padà, ó sì ti kúrò nínú ohun tí olówó rẹ̀ ń wò lójoojúmọ́ bọ́ sínú ohun tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Ní ọjọ́ tí fíláàṣì náà bá sọnù, ẹnu a ya ẹni náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó ń lò ti fi í lọ́kàn balẹ̀.

Àwọn àkójọ ọ̀rọ̀ tí ó lórúkọ jù lọ kò lè ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, àti apá kejì rẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni a ṣe wọ́n fún. Kọ̀ǹpútà kò tíì wọ ilé ọ̀pọ̀ olùkọ́ nígbà náà. Nítorí náà àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lẹ́nu ni a ní láti yẹ̀ wò.

“Ìpamọ́” ni àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ dáradára ni, ṣùgbọ́n ó gbòòrò jù. Ohun tí a pa mọ́ lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Owó tí a rì mọ́lẹ̀ wà ní ìpamọ́, kò sì ní ìkejì. “Ẹ̀dà” sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun sì ni ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ yóò kọ́kọ́ mú. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn onímọ̀ èdè ti gba ọ̀rọ̀ náà fún iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀dà fóníìmù, ẹ̀dà mọ́fíìmù: ohun tí ó yàtọ̀ díẹ̀ sí èkejì rẹ̀ ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dà ìtàn rí, tí a bá gbọ́ ìtàn kan lẹ́nu ẹni méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu tán. Ohun tí a ń wá níhìn-ín kò gbọdọ̀ yàtọ̀ rárá. Bí lẹ́tà kan bá yí padà nínú rẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. “Àdàkọ” ni ó bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n ó sọ pé a dà á kọ, kò sọ pé a fi í pamọ́ de ọjọ́ ewu.

Àbá tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí a so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Bí a ti rí àdàkọ láti ara “dà” àti “kọ”, bẹ́ẹ̀ ni a lè rí àdàpamọ́ láti ara “dà” àti “pa mọ́”: ohun tí a ṣe èkejì rẹ̀, tí a sì fi èkejì náà pamọ́ nígbà tí àkọ́kọ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àtakò kan wà tí kò yẹ kí a fojú fò. “Dà” mìíràn wà, èyí tí a fi ń da omi àti àgbàdo, òun sì ni yóò kọ́kọ́ sọ sí etí ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá “da” fáìlì pamọ́ lè dàbí ẹni tí ó dà á kúrò ní ibì kan sí ibòmíràn, ìyẹn sì ni àṣìṣe tí a ń sá fún gan-an. Nítorí náà ó sàn kí a má ṣe pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì nínú gbólóhùn. “Olùkọ́ náà ṣe àdàpamọ́ àwọn ìwé rẹ̀” ni kí a wí.

Àwọn àgbẹ̀ Ìgbómìnà kò ṣe aláìní òye yìí. Iṣu èbù kò sí lára iṣu jíjẹ. Bí ebi tilẹ̀ wọlé, àgbẹ̀ a máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó nawọ́ sí èbù, nítorí ọdún tí ń bọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi fíláàṣì kan náà ṣe ibi ìpamọ́, tí ó tún ń mú un lọ sí ibi ìtẹ̀wé, sí ọ́fíìsì àti sí ilé ọ̀rẹ́, ó ti gún èbù rẹ̀ níyán.

Láti ara iṣẹ́ àgbẹ̀ náà ni a ti lè rí orúkọ fún ohun-èlò fúnra rẹ̀. Ní ọjà, “mẹ́mòrì” ni wọ́n ń pe ohun méjì tí kò jọra: èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń ronú, tí gbogbo ohun inú rẹ̀ ń pòórá bí iná bá lọ, àti èyí tí ohun tí a kọ sínú rẹ̀ wà síbẹ̀ lẹ́yìn tí iná ti lọ. Iyè ni ti àkọ́kọ́. Ti èkejì, àká ni. Èyí tí a kàn mọ́ inú kọ̀ǹpútà ni àká inú. Èyí tí a ń fi okùn so mọ́ ọn láti òde ni àká ìta.

Àká ìta tí ó wọ́pọ̀ jù, tí iye owó rẹ̀ sì kéré jù bí a bá fi wé àyè inú rẹ̀, ni háàdì dísìkì. Àwo ni ó wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́, bí àwo orin ayé àtijọ́, nítorí náà “àká aláwo” bá a mu. Àwo wọ̀nyí ń yí bírí, nǹkan bí ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan nínú èyí tí ó wọ́pọ̀, abẹ́rẹ́ tí ń kà wọ́n sì ń fò lórí wọn láìfọwọ́ kàn wọ́n, pẹ̀lú àlàfo tí ó kéré ju sísanra irun orí lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1956, àwo 50 ni ó ní, ohun tí ó sì lè gbà kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 5 lẹ́tà lọ. Ẹ̀rọ náà tóbi ju àpótí aṣọ lọ. Èyí tí a ń tà lónìí wọ àpò ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì nígbà tí àwo ń yí lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ lè họ àwo, gbogbo rẹ̀ a sì parí.

Ìkejì ni SSD, tí kò ní àwo tàbí ohunkóhun tí ń yí. Iná mànàmáná ni a há mọ́ inú rẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ. A lè pè é ní “àká aláìláwo”. Ó yára, kò bẹ̀rù ìṣubú púpọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Àbùkù kan tí àwọn tí ń tà á kì í sábà mẹ́nu bà ni pé iná tí a há mọ́ inú rẹ̀ lè máa jò díẹ̀díẹ̀ bí a bá pa á tì fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfi í sẹ́nu ẹ̀rọ, pàápàá níbi tí ooru bá wà. Fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, SSD ni ọ̀gá. Fún ohun tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ sínú àpótí, àká aláwo ṣì ń jàre rẹ̀.

Fíláàṣì àti káàdì fóònù, ọmọ ìyá SSD ni wọ́n. Ọdún 2000 ni fíláàṣì dé orí àtẹ. Fún gbígbé fáìlì láti ibì kan dé ibòmíràn, kò sí àbùkù lára rẹ̀, àyàfi fáírọ́ọ̀sì tí ó ń kó láti ara kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Fún àdàpamọ́, kò tó gbáralé. Ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀ lórí àtẹ: a ti tún ara rẹ̀ ṣe kí ó máa pe ara rẹ̀ ní gígábáìtì 512, nígbà tí ó jẹ́ pé 16 tàbí 32 ni ó wà nínú rẹ̀. Yóò gba gbogbo ohun tí a bá kó sínú rẹ̀ láìjiyàn, yóò sì to orúkọ gbogbo fáìlì lẹ́sẹẹsẹ. Ọjọ́ tí a bá ṣí wọn ni a tó mọ̀ pé ofo ni ó wà nídìí orúkọ. Kí a dà á kún ní ọjọ́ tí a rà á, kí a sì ṣí ohun tí a kó sínú rẹ̀ kẹ́yìn, ni ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n.

Ọ̀ràn oǹkà náà ń da àwọn oníbàárà láàmú. Ẹni tí ó ra àká ẹlẹ́gbẹ̀rún gígábáìtì, tí Windows wá fi 931 hàn án, a máa rò pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ṣe àká náà ń ka gígábáìtì kan ní báìtì 1,000,000,000. Windows ń kà á ní 1,073,741,824, èyí tí a ń rí bí a bá sọ 1 di ìlọ́po méjì ní ìgbà ọgbọ̀n. Èdè tí ó fi ogún ṣe ìpìlẹ̀ oǹkà rẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń fi oǹkà ẹlẹ́ẹ̀wá ṣe ìṣirò ní ilé-ìwé, kò yẹ kí èyí rú lójú.

Àyè tí ìdílé olùkọ́ nílò kò tó bí àwọn tí ń polówó ti ń wí. Àwòrán fóònù kan kì í sábà ju mẹ́gábáìtì 3 tàbí 4 lọ, nítorí náà 10,000 àwòrán kò ju nǹkan bí gígábáìtì 40 lọ. Oríkì tí a gbà sílẹ̀ fún wákàtí kan, bí a bá fi í sínú MP3 tí ó wọ́pọ̀, kò tó mẹ́gábáìtì 60. Fídíò ni ó ń jẹ àyè. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ bá tó ra àká ńlá kan, kí ó fi í ra kékeré méjì, ó sì dára bí ó bá rà wọ́n ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé àwọn tí a ṣe lọ́jọ́ kan náà lè ní àrùn kan náà.

Àká méjì náà kò gbọdọ̀ sùn sábẹ́ òrùlé kan. Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ni ó sọ òfin kan di mímọ̀: kí ẹyọ fáìlì jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n wà lórí oríṣi ohun-èlò méjì, kí ọ̀kan nínú wọn sì wà ní ibòmíràn. Iná tí ó bá jó ilé kì í ya àpótí sọ́tọ̀. Ó yẹ kí òfin yìí tètè yé ọmọ Ìgbómìnà, nítorí pé Ọ̀ràngún méjì ni ó wà, ọ̀kan ní Ìlá, ọ̀kan ní Òkè-Ìlá, tí ìlú kọ̀ọ̀kan sì ń pa ìtàn orísun wọn mọ́. Ẹ̀dà ni ti ìtàn, nítorí ẹnu kì í sọ̀rọ̀ kí ó má yí i díẹ̀; àdàpamọ́ ni ti fáìlì. Ẹni tí ó ń gbé Ìlá lè fi àká kejì sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Òkè-Ìlá, kí ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọdún bá kó ìdílé jọ.

Iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀ kò ní jẹ́ kí a gbàgbé ara rẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí a ń kọ fáìlì sínú àká lọ́wọ́, ìwé ìtọ́ka tí ó fi mọ ibi tí ohun gbogbo wà lè dàrú. Ó sàn kí a lo kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára, kí a sì yọ àká kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ ní kété tí iṣẹ́ bá parí. Èyí tún ń gbà wá lọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn tí ń fi fáírọ́ọ̀sì ti fáìlì pa tí wọ́n sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀: àká tí kò sí lẹ́nu ẹ̀rọ, ọwọ́ wọn kò lè tó o. Ní àkókò ọyẹ́, eruku a máa wọ ẹnu ihò USB. Àpò kékeré tí ó ní ìdérí ti tó fún ìyẹn.

Àwọn kan yóò ní kí ni gbogbo làálàá yìí fún, nígbà tí “ìkùukùu” wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ náà ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Kò sí fáìlì kan ní ojú ọ̀run. Inú àká ilé-iṣẹ́ kan ni ó wà, ní ilẹ̀ òkèèrè lọ́pọ̀ ìgbà. “Àká ayálò” ni ìbá tọ́ sí i. Ó wúlò gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kẹta, pàápàá fún àwọn ìwé tí kò tóbi, Google sì ń fún ènìyàn ní gígábáìtì 15 lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì já tàbí kí ó máa wọ́ ní Nàìjíríà, Gánà, Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lágbègbè wọn. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023 sì ni Google ti ní àṣẹ láti pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọdún méjì rẹ́, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí baálé ilé bá kú, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, ìyálò náà ń lọ sópin láìsí ẹni tí ó gbọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ògbufọ̀ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún: gbígba fáìlì padà láti inú àdàpamọ́. “Ìmúpadà” tó fún un, ó sì yẹ kí a máa kọ́ ọ pọ̀ mọ́ àdàpamọ́ nínú ẹ̀kọ́ kan náà, nítorí pé àdàpamọ́ tí a kò tíì dán ìmúpadà rẹ̀ wò, ìrètí lásán ni. Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, kí a gbé àká náà lọ sí ara kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a ṣí àwòrán bíi mélòó kan, kí a sì gbọ́ ohùn ìyá àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà kí a kọ ọjọ́ náà sórí bébà kékeré, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn àká, kí a sì fi ibi tí a ń tọ́jú rẹ̀ han ọmọ kan, ó kéré tán, nínú ilé.